Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Orin Lórúkọ

(Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ ní Kétu, lórílẹ̀-èdè Benin, níwájú àwọn ọ̀dọ́ olórin, àwọn tó ń gba orin sílẹ̀ lóde ayẹyẹ, àti àwọn àgbà tó bá wa jókòó. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀.)

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ti Pọ́bẹ̀, Ṣakẹ́tẹ́ àti Àjàṣẹ́ wá, ẹ kú ewu ọ̀nà. Kí adé pẹ́ lórí Alákétu, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Mo júbà ẹ̀yin ìyá wa kí n tó la ẹnu, nítorí kò sí ẹni tí í dìde kọrin lóde Ẹ̀fẹ̀ láìjúbà ìyá. Ọ̀rọ̀ orin ni mo sì bá wá lónìí.

Kì í ṣe bí a ṣe ń kọrin o. Àwọn tó mọ orin kọ ló jókòó síwájú mi yìí, kí ni mo fẹ́ kọ́ wọn? Bí a ṣe ń tọ́jú orin sínú kọ̀ǹpútà àti fóònù ni mo fẹ́ sọ, kí ọwọ́ wa lè tó o lọ́jọ́ tí a bá ń wá a. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ béèrè. Ẹni mélòó nínú yín ló ní orin nínú fóònù rẹ̀? Gbogbo ọwọ́ ló lọ sókè. Ó dára. Ẹni mélòó ló lè rí orin tí ìyá rẹ̀ fẹ́ràn jù lọ nínú fóònù náà, kí n tó ka ení dé ogún? Ẹ wò ó, ọwọ́ ti wálẹ̀.

Èmi náà, ọwọ́ mi wà nílẹ̀ nígbà kan. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Àbúrò kan wà tí a jọ ń gbé àdúgbò. Ìyá rẹ̀ jáde láyé. Màmá yìí, kò sí ẹni tó ń gbe orin Ẹ̀fẹ̀ bíi tiwọn ládùúgbò wa. Mo sì ti gba ohùn wọn sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, ní ọdún mẹ́rin ṣáájú, mo fi fóònù sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àbúrò yìí wá bá mi ní ọjọ́ tó ṣáájú ìsìnkú, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ohùn Màmá ń bẹ lọ́wọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gbé e wá kí a fi ṣe àìsùn.” Mo ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Mo lọ sílé, mo tan kọ̀ǹpútà.

Kí ni mo rí? Mo rí “Enregistrement 014”. Mo rí “Piste 03”. Mo rí AUD àti nọ́ńbà gígùn, irú èyí tí WhatsApp máa ń fún orin. Mo rí “Inconnu”, ìyẹn “a kò mọ̀ ọ́n”, Inconnu, Inconnu, títí dé ìsàlẹ̀. Mo ní kí n wá a nípa ẹ̀yà orin, nítorí ojú ibi tí a ń kọ “Genre” sí kò ṣófo nínú tèmi. Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀? “Ethnic”, ìyẹn “orin ìbílẹ̀”. Orin tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan, Ethnic ni gbogbo wọn. Ìjálá, Ethnic. Àpàlà, Ethnic. Orin tí àwọn Ògù ń kọ ní Àjàṣẹ́, Ethnic. Ohùn Màmá wà nínú rẹ̀, bí abẹ́rẹ́ tó bọ́ sínú koríko. Mo ń ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń gbọ́ díẹ̀, mo ń pa á, títí àkùkọ fi kọ. N kò rí i. A sin Màmá láìgbọ́ ohùn wọn.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni mo rí i, nínú àpò kan nínú kọ̀ǹpútà tí mo kọ “Divers”, ìyẹn “oríṣiríṣi”, sí lára. Kí orin tó bẹ̀rẹ̀, Màmá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní “ẹ fún mi láyè díẹ̀”, ìyẹn fún ẹni tó jókòó tì wọ́n, wọ́n sì gbe orin. Mo gbé e lọ fún àbúrò yìí. Ó gbọ́ ikọ́ yẹn, ó dojú bolẹ̀. Kò bá mi wí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé orin tí kò lórúkọ, bí orin tó sọnù ló rí, bó tilẹ̀ wà nínú ilé ẹni.

Ilà ojú àti aṣọ ọrùn

Ọ̀rọ̀ mi àkọ́kọ́ nìyí: ibo ni à ń kọ orúkọ orin sí?

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń ṣe àpò sínú kọ̀ǹpútà, èyí tí ẹ ń pè ní dosíyè, tí ẹ ń kọ “Jùjú” sí lára, tí ẹ sì ń da orin jùjú sínú rẹ̀. Kò burú. Ṣùgbọ́n aṣọ lásán ni àpò. Bí ẹ bá gbé orin kan kúrò nínú àpò yẹn sórí kílé USB, kí ẹ fi fún ọ̀rẹ́ yín ní Ìmẹ̀kọ, ó ti bọ́ aṣọ sílẹ̀ nìyẹn. Ọ̀rẹ́ yín kò ní mọ ohun tó jẹ́.

Àmì tí mò ń sọ, ìyẹn orúkọ àti ẹ̀yà tí a kọ mọ́ orin, inú fáìlì orin gan-an ni à ń kọ ọ́ sí. Bí ilà ojú ló rí. Ìgbà tí àwọn bàbá wa ń kọlà, ẹni tó bá kúrò nílé lọ sí Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ó lọ sí Èkó, bó pààrọ̀ aṣọ nígbà mẹ́wàá, ojú rẹ̀ ló ń sọ ilé tó ti wá. Orin tí ẹ kọ àmì sí nínú, ibi tó bá dé, àmì rẹ̀ bá a dé ibẹ̀. Ẹ lè yí orúkọ fáìlì padà, àmì wà níbẹ̀. WhatsApp lè sọ ọ́ ní AUD kí ó kó nọ́ńbà lé e, ohun tí ẹ kọ sínú rẹ̀ sábà máa ń bá a lọ síbẹ̀.

Bí ẹ bá ṣí i, ẹ ó rí àyè bíi mélòó kan: Titre (orúkọ orin), Artiste (olórin), Album (àwo), Année (ọdún), Genre (ẹ̀yà orin), Commentaire (àlàyé). Ìkẹyìn méjì yìí ni ó jẹ mí lógún lónìí, nítorí ìwọ̀nba ẹni ló ń ṣàṣìṣe orúkọ olórin. Ibi “Genre” ni gbogbo wa ti ń ṣubú. Ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀ báyìí.

Ta ló kọ́kọ́ sọ orin lórúkọ?

Ní ìbẹ̀rẹ̀, fáìlì MP3 kò ní ibi tí a lè kọ orúkọ sí. Orin lásán ló wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 1996, Eric Kemp ta ọgbọ́n kan. Ó fi báìtì 128, ìyẹn àyè 128 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba lẹ́tà kan, kún ìdí fáìlì náà, kí a lè kọ nǹkan síbẹ̀. Lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ ni T, A, G. Orúkọ orin ní àyè 30, orúkọ olórin 30, orúkọ àwo 30, ọdún 4, àlàyé 30. Ẹ bá mi rò ó pọ̀, ó ku mélòó? Ó ku 1. Báìtì kan ṣoṣo yẹn ni wọ́n fi fún ẹ̀yà orin.

Báìtì kan kò lè gba ọ̀rọ̀. Nọ́ńbà ló lè gbà. Wọ́n wá ṣe ìwé kan tí orúkọ ẹ̀yà orin 80 wà nínú rẹ̀, láti nọ́ńbà 0 dé 79. Nọ́ńbà 8 ni Jazz. Nọ́ńbà 16 ni Reggae. Nọ́ńbà 22 ni Death Metal. Polka, tí í ṣe ijó àwọn ará àárín Yúróòpù, nọ́ńbà 75 ni tirẹ̀. Ẹ wá bá mi wá àpàlà. Kò sí. Ẹ wá sákárà, kò sí. Wákà, fújì, jùjú, kò sí ìkankan. Agbadja tiwa ní Benin ńkọ́? Kò sí. Bẹ́ẹ̀ àpàlà kì í ṣe ọmọ àná: nígbà tí wọ́n ṣe ìwé yìí, ó ti pé ọdún 13 tí Haruna Ishola ti jáde láyé, lẹ́yìn tó ti fi àpàlà mú gbogbo ilẹ̀ Yorùbá jó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ibo wá ni orin wa yóò wọ̀? Nọ́ńbà 48, Ethnic. Tàbí nọ́ńbà 12, Other, ìyẹn “òmíràn”.

N kò wá bú ẹni tó ṣe ìwé náà. Ohun tó mọ̀ ló kọ. Àwọn àgbà ní, ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ; ilé tirẹ̀ ló wò. Àwa ni a kò wo tiwa. Láti ọdún 1998, nígbà tí wọ́n tún iṣẹ́ yẹn ṣe, tí wọ́n gbé àmì wá sí orí fáìlì dípò ìdí rẹ̀, a ti lè fi ọwọ́ ara wa kọ ọ̀rọ̀ tó bá wù wá sí ibi ẹ̀yà orin. Nọ́ńbà kò di dandan mọ́. Ọdún wo la wà lónìí? Síbẹ̀ “Ethnic” ló ṣì wà lórí orin wa, nítorí ẹ̀rọ na ìwé àtijọ́ sí wa, a sì mú nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin ará mi, ìlú yìí ní Àkàbà Ìdènà. Ẹni tó bá fẹ́ wọ Kétu láyé àtijọ́, ẹnu ibodè yẹn ló ń gbà, wọ́n á sì bi í pé ta ni, níbo lo ti wá. Ẹ ṣe ẹnu ibodè fún kọ̀ǹpútà yín. Kí orin kankan má wọlé láìdáhùn.

Ìbéèrè ẹnu ibodè

Kí wá ni ìbéèrè tí a ó bi orin? Ẹni tó kọ́ mi ní èyí kò mọ kọ̀ǹpútà rí. Ìyá àgbàlagbà kan ni. Mo lọ bá wọn lábẹ́ igi máńgòrò, mo gbé orin kan sí wọn létí, inú mi ń dùn pé mo ti fi ọwọ́ ara mi kọ “Gẹ̀lẹ̀dẹ́” sí i. Wọ́n gbọ́ ọ títí ó fi parí. Wọ́n ní:

“Kí lo pe èyí?”

Mo ní, “Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni, Màmá.”

Wọ́n ní, “Oòrùn wà lókè nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́?”

Mo ní rárá, òru ni.

“Ènìyàn ń jó tàbí ènìyàn ń gbọ́?”

Mo ní wọ́n ń gbọ́ ni, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín nígbà míràn.

Wọ́n ní, “Ẹ̀fẹ̀ nìyẹn. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni ilé, Ẹ̀fẹ̀ ni yàrá. O dúró sí ojúde lò ń pe ẹni tó wà ní yàrá.”

Mo gbà. Gbogbo ayé ló mọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́; láti 2001 ni UNESCO ti kéde rẹ̀ pé ohun iyebíye ni fún gbogbo ọmọ ènìyàn, ní orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Togo. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń kó orin jọ ní Kétu tí kò ya Ẹ̀fẹ̀ òru sọ́tọ̀ kúrò lára ìlù tí wọ́n ń jó sí lọ́sàn-án, kò tíì kó nǹkan kan jọ.

Ẹ wo ìbéèrè méjì tí Màmá bi mí. Wọn kò béèrè bóyá orin náà yára tàbí ó rọra. Wọn kò béèrè ohun èlò. Ìgbà wo, àti kí ni wọ́n ń ṣe. Bí àwa ṣe ń sọ orin lórúkọ nìyẹn. Òótọ́ ni pé ìlù ló fún sákárà lórúkọ. Ṣùgbọ́n ìjálá ń tọ́ka sí àwọn ọdẹ àti Ògún. Ẹkún ìyàwó, ọjọ́ tí ọmọge ń lọ sí ilé ọkọ ló ń sọ. Fújì, ẹ tọpa rẹ̀ lọ, ẹ ó bá wéré, orin tí wọ́n fi ń jí àwọn mùsùlùmí láti jẹ sààrì nínú Ramadan, kí Sikiru Ayinde Barrister tó sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé ń jó sí. Nítorí náà, bí ẹ kò bá mọ ohun tí ẹ ó kọ sí “Genre”, ẹ béèrè: ta ló ń kọ ọ́, nígbà wo, ìlù wo ló wà nídìí rẹ̀? Bí ẹ kò bá tún mọ̀, ẹ gbé e lọ fún àgbà kó gbọ́. Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ kò lè bá yín ṣe nìyí. Picard, ẹ̀rọ kan tó ń fi ìró orin wá orúkọ rẹ̀, wúlò púpọ̀ fún àwo tí wọ́n ti tẹ̀ jáde; mo ń lò ó. Ẹ gbé orin tí ẹ gbà sílẹ̀ ní agboolé yín fún un, kò mọ̀ ọ́n. Ibo ni ó ti fẹ́ mọ̀ ọ́n?

Ohun kan tún wà tó so mọ́ èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọkàn bá mi lọ. Orin ni kí ẹ sọ lórúkọ, ẹ má ṣe sọ olórin. Mo ti rí ẹni tó kó gbogbo orin Gnonnas Pedro, olórin Benin, pọ̀, tó fi ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kọ “Agbadja” sí gbogbo wọn. Lóòótọ́, ta ló gbé agbadja ga tó o kí ó tó jáde láyé ní 2004? Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan náà ló bá ẹgbẹ́ Africando kọ salsa. Ebenezer Obey ńkọ́? Ẹni tó kọ jùjú tí gbogbo wa fi ṣe ìyàwó náà ló tún wá ń kọ orin ìyìn Ọlọ́run. Bí ẹ bá kó gbogbo rẹ̀ sí “Jùjú”, lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ kí ẹ̀rọ máa fi jùjú dá àlejò lára yá, ìwàásù ni yóò jáde.

Orúkọ kan, ọ̀nà ìkọ̀wé mẹ́rin

Ẹ jẹ́ kí n dé ibi tó ń dun èmi fúnra mi jù, nítorí àwa ará Benin ló kàn jù. A ti mọ orúkọ wàyí. Báwo ni a ó ṣe kọ ọ́?

Ẹni tó lọ ilé-ìwé Faransé yóò kọ “Guèlèdè”. Ẹni tó kọ́ álífábẹ́ẹ̀tì èdè Benin yóò lo ɛ, yóò kọ “Gɛ̀lɛ̀dɛ́”. Ẹni tó ka ìwé láti Nàìjíríà yóò kọ “Gẹ̀lẹ̀dẹ́”. Ẹni tó ń kánjú yóò kọ “Gelede”. Ojú wa mọ̀ pé ọ̀kan ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ̀rọ kò mọ̀. Yàrá mẹ́rin ni yóò kọ́ fún wọn, yóò pín orin yín sí mẹ́rin, ẹ ó sì máa wò ó pé orin yín dín kù.

Èyí tó tún ya mí lẹ́nu ni pé orúkọ méjì lè jọra délẹ̀ lójú, kí ẹ̀rọ sì ní wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Mo ní “Jùjú” méjì nínú kọ̀ǹpútà mi, ọ̀kan ní orin 212, èkejì ní orin 9. Mo fi wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, mo wò ó títí, n kò rí ìyàtọ̀. Ohun tó fà á rèé: lẹ́tà ú lè jẹ́ ohun kan ṣoṣo nínú ẹ̀rọ, ó sì lè jẹ́ u lásán tí a wá gbé àmì ohùn lé lórí, ìyẹn ohun méjì. Pátákó ìtẹ̀wé fóònù kan ń ṣe bí ti àkọ́kọ́, òmíràn ń ṣe bí ti èkejì. Ẹ kò lè fi ojú rí i.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló wá sọ pé nítorí ìyẹn, kí a kúkú bọ́ àmì ohùn sílẹ̀. Èmi kò fara mọ́ ọn. A kò ní torí pé ẹ̀rọ ń ṣe orí kunkun kí a kọ èdè wa bí ẹni tí kò mọ̀wé. Ohun tí mo ṣe ni pé mo kọ gbogbo orúkọ ẹ̀yà orin mi sínú fáìlì kékeré kan, lẹ́ẹ̀kan péré, pẹ̀lú àmì tó pé. N kì í tẹ orúkọ kankan mọ́ láti ọjọ́ náà. Inú fáìlì yẹn ni mo ti ń dà á kọ, tí mo ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ orin. Mo lo Mp3tag, ẹ̀rọ tí a fi ń kọ àmì sínú orin, láti tún orin ọgọ́rùn-ún ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá ń lo Linux lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lè lo Kid3, tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Rédíò mọ́tò àtijọ́ lè fi àpótí kékeré hàn níbi tó yẹ kí lẹ́tà “ẹ” wà. Ẹ jẹ́ kó fi hàn. Mọ́tò yóò gbó, orin yóò kù.

Iye orúkọ ńkọ́? Mo ní 140 nígbà kan, nítorí mò ń kọ “Ìgbéyàwó”, “Ọdún Iléyá”, “Orin tó dùn” sí ibi ẹ̀yà. Wọn kì í ṣe ẹ̀yà. Ohun tí a fi orin ṣe ni wọ́n jẹ́, ibi “Commentaire” ni àyè wọn. Mo kó gbogbo wọn síbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ agboolé àti orúkọ ẹni tó gbe orin. 23 ló ṣẹ́kù lónìí. Mo mọ gbogbo wọn lórí.

Mo fẹ́ sọ ọ̀kan kí n tó jókòó, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀ nítorí àwọn tó ni í wà níhìn-ín. Àwọn orin kan kì í ṣe ti etí gbogbo ènìyàn. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ní fóònù lọ́wọ́, ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó gba ohùn sílẹ̀. Bí àwọn àgbà bá sì ní kí ẹ pa á mọ́ fún àwọn nìkan, dísìkì tirẹ̀ ọ̀tọ̀ ni kí ó wà, kí ó má bá àwọn yòókù rìn. Ní ti àwọn yòókù, ilé méjì ni kí ẹ pa wọ́n mọ́ sí. Tèmi wà lọ́wọ́ mi, ẹ̀dà rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Pọ́bẹ̀. Igi kan kì í dá igbó ṣe.

Bí ẹ bá délé lálẹ́ òní, ẹ má gbìyànjú láti tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ẹ mú ogún orin. Lọ́la, ogún mìíràn. Ọdún kan àti ààbọ̀ ni mo fi ṣe tèmi, àwọn alẹ́ kan sì wà tí ó jẹ́ orin mẹ́ta péré ni mo tún ṣe, nítorí pé mo jókòó mo ń gbọ́ wọn.

Wàyí o, mo mú orin kan wá. Inú kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kan ni mo ti gbà á, ẹni tó fún mi ní kásẹ́ẹ̀tì náà kò mọ ẹni tó ń kọrin, kò sì mọ ibi tí wọ́n ti kọ ọ́. Obìnrin mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni mò ń gbọ́, mo ń gbọ́ àtẹ́wọ́, mo ń gbọ́ ohun kan bí ìró odó lábẹ́ rẹ̀. Ibi “Genre” ṣófo. Mo ti fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún oṣù méje, n kò fẹ́ purọ́ mọ́ ọn. Ẹ̀yin ìyá mi tí ẹ jókòó sápá ọ̀tún yẹn, ẹ̀yin ni mò ń wò. Ẹ jẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́, kí ẹ gbọ́. Ọwọ́ mi ti wà lórí pátákó ìtẹ̀wé. Bí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ kàn pe orúkọ rẹ̀ fún mi.